Òkúta Ẹlẹ́mìí Méje

Ọjọ́ Ajé, 9 Júùnù 2025

Ìwé tuntun. Tẹ́júoṣó ni mo ti rà á, àwòrán òdòdó pupa wà lẹ́yìn rẹ̀. Èyí tí mò ń kọ nílé ìyá mi, mo jó o kí n tó ṣègbéyàwó — ojú ń tì mí kí ọkọ má lọ rí i kà.

Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo di ìyàwó ilé. Mi ò tíì lè pe orúkọ rẹ̀. Olúdayọ̀. Ó ní kí n máa pe òun ní Dayọ̀. Kí a tó fẹ́ra wa, Ẹ̀gbọ́n ni mò ń pè é. Ní báyìí, tí mo bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, màá kàn wúkọ́, á sì wò mí. Nínú ìwé yìí, Ẹni Mi ni.

Yàrá kan àti pálọ̀, Yaba, òkè pẹtẹ́ẹ̀sì. Máṣíìnì ìránṣọ mi wà lẹ́bàá fèrèsé. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì kún fún òkúta.

Òkúta ni mo wí o. Àpò mẹ́ta. Òkúta ni Ẹni Mi ń kọ́ nílé ìwé gíga, ó ń gba dígírì kejì lórí rẹ̀. Èmi, JSS 2 ni mo dé tí bàbá mi fi kú, mo bá lọ kọ́ṣẹ́ télọ̀. Mo bi í léèrè kí lèèyàn ń kọ́ lára òkúta fún ọdún mẹ́fà. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Inú mi dùn. Kì í sábà rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́rú, 11 Júùnù

Ó gbé ọ̀kan jáde fún mi wò. Ó tó orí ọmọ tuntun. Ẹrẹ̀ pupa bò ó, àmọ́ níbi tí wọ́n ti fi òòlù fọ́ ọ, mo rí inú rẹ̀ — òkúta nínú òkúta. Òmíràn funfun roboto bí ẹyin. Òmíràn dúdú, ó gùn bí ìka. Ọ̀kan pupa rẹ́súrẹ́sú. Gbogbo wọn há sínú ohun dúdú kan tó ń dán bí ìpẹ́ ẹja. Gbogbo wọn sì tẹ́ sí apá kan náà, bí ẹni pé nǹkan wúwo kan jókòó lé wọn lórí fún ìgbà pípẹ́.

Orúkọ tí ó pè é gùn. Kọngilómẹ́réètì. Mo ní, "Mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́mìí méje nìyí." Ó tún rẹ́rìn-ín! Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ kan. Láti òní lọ, Ẹlẹ́mìí-Méje lorúkọ òkúta náà.

Orí òkè Agbánrére ló ti wá, lọ́nà Àkókó. Ó ní odò ló yí àwọn òkúta wẹ́wẹ́ yẹn, tí wọ́n fi rí roboto. Odò lórí òkè? Ó ní ibẹ̀ ò tíì di òkè nígbà náà. Kò tíì sí èèyàn, kò tíì sí ewéko. Odò nìkan, tó ń yí òkúta, tí kò sẹ́ni tó ń gbọ́.

Ara mi bù máṣọ.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó júwe òkúta náà, kó sì sọ bó ṣe dàgbà tó. Òun nìkan kọ́ ló kó wọn. Òun àti Láyí ni — Ọláyíwọlá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré ní Ìpọ̀nrí. Láyí kú síbẹ̀, Ọ̀kítóbà tó kọjá. Odò kan lórí òkè yẹn ló gbé e lọ nígbà tí òjò rọ̀. Ẹni Mi kò sí níbẹ̀. Ìṣẹ́gun ló ti sọ̀ kalẹ̀ wá sí Èkó nítorí ibà, Ọjọ́bọ̀ lomi gbé Láyí. Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, ó sọ ọ́ kíákíá bí ọmọ tó ń ka àkọ́sórí.

Kò sì sí pípadà lọ. Ní Jánúárì, àwọn afọ́kùúta fi dánámáìtì fọ́ ibẹ̀ túútúú. Ohun tó kù nínú rẹ̀ láyé, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa ló wà.

Nígbà tó ń dá òkúta náà padà, ó fi àkísà sáàárín kí wọ́n má kan ara wọn. Mo ní, "Ṣé wọ́n lè fọ́ ni?" Ó ní rárá. Ó ní ìró wọn ni.

Ẹtì, 13 Júùnù

Òjò lọ́sàn-án. Ó wà nídìí tábìlì, ó ń kọ̀wé. Bí òjò ṣe kọ́kọ́ ta sórí páànù, ó gbórí sókè, ó ní, "Mò ń bọ̀."

Mo ní, "Ta ló pè yín?"

Ó wò mí. Kò mọ̀ pé òun sọ̀rọ̀.

Àìkú, 15 Júùnù

Lẹ́yìn ìsìn, a lọ kí Màmá Láyí ní Ìpọ̀nrí. Tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Mo kúnlẹ̀, mi ò lè gbójú sókè. Wọ́n ní, "Ìyàwó, ṣé o sọ abẹ́rẹ́ nù sílẹ̀ ni, tó o fi ń wá a bẹ́ẹ̀? Dìde jàre. Mi ò lu ọmọ mọ́, mo ti fẹ̀yìn tì."

Wọ́n gbé ṣinṣin àti mínírà wá. Wọ́n fi àwọn ìwé ìròyìn Láyí hàn mí, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ pa mọ́. Wọ́n ní ọmọ àwọn kì í ka ìwé ìròyìn, ó máa ń bá a jà ni. Lóòótọ́ — lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, ìkọ̀wé gbágbágbá tó dagun sọ́wọ́ òsì: *Irọ́! Irọ́ ńlá!* Wọ́n ní kódà lórí òkè, ó máa ń sanwó fún ọlọ́kadà kan, Tìrìmísíyù, kó bá òun gbé ìwé ìròyìn ọjọ́ náà wá pẹ̀lú búrẹ́dì. Ẹsẹ̀ òkè ni Tìrìmísíyù ń dúró sí, Láyí á sọ̀ kalẹ̀ lọ gbà á. Ọkùnrin náà wá síbi ìsìnkú. Ó sunkún ju ẹbí lọ.

Lẹ́yìn náà, láìyí ohùn padà, bí ẹni tó ń béèrè omi: "Dayọ̀, ṣé ó jẹun lọ́jọ́ yẹn?"

Ẹni Mi ní, "Mi ò sí níbẹ̀, mà."

"Ẹn-ẹn. O ti sọ bẹ́ẹ̀."

Nínú bọ́ọ̀sì, mo wúkọ́. Ó ní gbogbo ìgbà tóun bá lọ ni wọ́n máa ń bi òun. Ìbéèrè kan náà. Láyí kì í lè fara da ebi láti kékeré, inú a máa run ún.

Ìṣẹ́gun, 17 Júùnù

Ọjọ́ ayọ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ dáadáa.

Mo bi í bí èèyàn ṣe ń mọ ọjọ́ orí ohun tí kò sẹ́ni tó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bí i. Ó ní àwọn òkúta wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ ti wà kí òun fúnra rẹ̀ tó wà. Nítorí náà, kò lè dàgbà ju èyí tó kéré jù nínú wọn lọ.

Mo ronú sí i. Mo na aṣọ ìbora wa hàn án, èyí tí mo fi ègé aṣọ rán. Mo ní, "Bí èyí. Ègé àǹkárá ìyá mi wà níbẹ̀, ó ti tó ogún ọdún. Ègé aṣọ tí mo wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa náà wà níbẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ wá rí, tó bá ti mọ aṣọ yẹn, á mọ̀ pé kò lè jẹ́ ṣáájú ìgbéyàwó ni mo rán an."

Ó gbé bírò sílẹ̀. Ó ní, "Òwú ńkọ́?"

Mo ní, "Òwú ló dé gbẹ̀yìn. Ó gba ara gbogbo wọn kọjá."

Ó sọ pé nínú òkúta mẹ́rìnlélógún tí wọ́n kó, méjì ló ṣe pàtàkì jù. Nọ́ńbà kẹtàdínlógún ló ní òkúta pupa tó kéré jù lọ́jọ́ orí. Nọ́ńbà kẹtàlélógún ni òwú — ìlà funfun kan tó la Ẹlẹ́mìí-Méje já. Nínú méjèèjì ni hóró kan wà tí ojú kò lè rí, tó ń ka ọdún bí aago. Òkè òkun ni wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹlẹ́mìí-Méje kò lè dàgbà ju òkúta pupa, kò sì lè kéré sí òwú. Àárín wọn ló wà. Ó rò pé á tó ẹgbẹ̀ta mílíọ̀nù ọdún. Dókítà Beulah, ọ̀gá rẹ̀, ti rí ẹni tí yóò bá a gbé méjèèjì lọ. Ọjọ́ kẹrin Júláì lẹni náà ń wọ ọkọ̀ òfúrufú.

Ó kọ ọ̀rọ̀ mi sínú ìwé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tèmi! Orúkọ Láyí ni wọ́n máa kọ síwájú ìwé náà, wọ́n sì máa fún màmá rẹ̀ ní ọ̀kan.

Ọjọ́bọ̀, 19 Júùnù

Mo ṣiṣẹ́ lónìí! Ìyá mi máa ń sọ pé ìdọ̀tí tí ìyàwó tuntun bá lábẹ́ ibùsùn, tó bá ti pé oṣù kan, ó ti di tirẹ̀. Ẹni Mi lọ síbi iṣẹ́. Mo fa àpò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde. Ìwé ìròyìn tó ti gan paali ni wọ́n fi dì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo tú gbogbo rẹ̀. Báàfù ńlá, ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú, kànìnkànìn onírin. Ẹrẹ̀ pupa ń ṣàn lọ sínú gọ́tà. Òkúta ń kan ara wọn nínú báàfù, kó-kó-kó. Ìkọ̀wé dúdú wà lára wọn àti ọfà kékeré — ìyẹn le, àmọ́ mo da bílíìṣì sí i, ó bọ́.

Mo sá wọn sí bákónì. Ẹlẹ́mìí-Méje ń dán! Funfun rẹ̀ funfun, pupa rẹ̀ pupa. Á yà á lẹ́nu.

Mo na àwọn ìwé ìròyìn náà, mo kó wọn fún Ìyá Azeezah tó ń sun bọ̀ọ̀lì nísàlẹ̀. Ó fún mi ní méjì. Ó ní, "Ìyàwó wa, Ọlọ́run á fún ẹ ní ìbejì tó ń sunkún lẹ́ẹ̀kan náà!"

Ẹtì, 20 Júùnù

Kò tíì wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mò ń dá rẹ́rìn-ín nídìí máṣíìnì bí òmùgọ̀.

Àbámẹ́ta, 21 Júùnù

Ó wò ó.

Ó jókòó sílẹ̀. Ó ń yí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wá nǹkan lára wọn. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ṣì ń rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run mi. Mo ṣì ń rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Ìwọ lo fọ̀ wọ́n?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Ó ní Láyí ló kọ àwọn nọ́ńbà yẹn. Nọ́ńbà ló ń sọ ibi tí òkúta kọ̀ọ̀kan ti wá lára òkè, ọfà ló ń sọ apá tó kọjú sókè. Òkúta mẹ́rin ló ní ìlà funfun. Méje ló ní pupa. Kò sí bí òun ṣe lè mọ èyí tó jẹ́ èwo mọ́, kò sì sí òkè tóun lè padà lọ wò.

Ó gbé ọ̀kan lé itan rẹ̀. Ó ní, "Láyí ti tún kú nìyẹn."

Àìkú, 22 Júùnù

Mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kí ni màá sọ fún Ọlọ́run, pé mo fẹ́ràn ìmọ́tótó?

Ọjọ́ Ajé, 23 Júùnù

Láàárọ̀, nígbà tó ń wọ bàtà, ó sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ní òfin Láyí ni pé kéèyàn kọ nọ́ńbà lẹ́ẹ̀mejì, lára òkúta àti lára ìwé tí wọ́n fi dì í. "Ti ara òkúta lè bọ́, ìwé lè ya, wọn ò ní bàjẹ́ lọ́jọ́ kan náà." Ó wá yíjú sí mi, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohun tóun fúnra rẹ̀ sọ. "Àwọn ìwé yẹn dà?"

Mo ní, "Bọ̀ọ̀lì."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Mi ò fẹ́ gbọ́ irú ẹ̀rín yẹn mọ́ láyé mi.

Mo sáré sọ̀ kalẹ̀ láìwọ bàtà. Ìyá Azeezah ní, "Ìwé wo? Ìyàwó, o fún mi níwèé, mo fún ẹ ní bọ̀ọ̀lì, ọjà ti parí!" Nígbà tó rí ojú mi, ó da páálí ìwé rẹ̀ sílẹ̀, àwa méjèèjì kúnlẹ̀ sínú èérú, à ń ṣà. Mọ́kàndínlógún. Márùn-ún ti bá àwọn tó ra bọ̀ọ̀lì lọ. Ó fi etí ìró rẹ̀ nù wọ́n fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọlọ́run á fún òun náà ní ìbejì.

Ọjọ́rú, 25 Júùnù

Mi ò ránṣọ ẹnikẹ́ni lọ́sẹ̀ yìí. Òkúta ni mò ń wọ̀ láṣọ.

Bó ṣe rí nìyí. Ìwé tó ti wà lára òkúta fún oṣù mẹ́jọ mọ ara rẹ̀. Ibi tó ti ṣẹ́, ibi tó ti wú, ibi tí igun mímú ti lù ú. Lóòótọ́ mo ti nà wọ́n, àmọ́ ìlà ò parẹ́ — bí aṣọ tí wọ́n tú ìránṣọ rẹ̀, èèyàn á ṣì mọ ibi tí apá wà. Mò ń gbé ìwé kọ̀ọ̀kan yí òkúta kọ̀ọ̀kan ká, mò ń wá èyí tó bá a mu. Tó bá ti jẹ́ tirẹ̀, ńṣe ló máa ń jókòó wọ̀ọ̀. Ọwọ́ mi ti mọ̀ kí ojú mi tó mọ̀.

Mẹ́fà láti àná. Nọ́ńbà wà lórí ìwé lóòótọ́, ìkọ̀wé tó dagun sọ́wọ́ òsì. *Irọ́!* ló wà káàkiri. Lórí ìwé kan: *Ta ló sọ fún yín?*

Mo ti ń kí i láàárọ̀. Láyí, ẹ káàárọ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, èwo lèyí?

Ẹtì, 27 Júùnù

Kẹtàdínlógún! Ẹni Mi mú ìwé tí wọ́n ń kọ nǹkan sí lórí òkè wá, ó wọn òkúta pupa náà. Gígùn rẹ̀ bá ohun tí Láyí kọ mu gẹ́lẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi nínú pálọ̀! Mo sá wọ kíṣìnì. Ó jẹun, ó tún bù sí i. Ó ní, "Jọmílójú, o jí òkú dìde." Ó kù ẹyọ kan.

Àbámẹ́ta, 28 Júùnù

Mo rí i. Kẹtàlélógún. Ẹni Mi ò sí nílé.

Ìwé náà jókòó lára òkúta olówùú funfun, wọ̀ọ̀. Mo fẹ́ pariwo. Mo wá wò ó.

Nọ́ńbà 23 náà kò dagun. Ó dúró gírígírí, bí Ẹni Mi ṣe máa ń kọ ọ́. Òkè ìwé ìròyìn náà: Ọjọ́bọ̀, 17 Ọ̀kítóbà 2024.

Ọjọ́bọ̀.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, ló ní òun kúrò lórí òkè.

Mo ká a. Mo fi í sábẹ́ máṣíìnì.

Àìkú, 29 Júùnù

Bóyá Èkó ló ti ra ìwé ìròyìn náà. Bóyá ilé ló ti dì í. Bóyá.

Ọjọ́ Ajé, 30 Júùnù

Mo tún wò ó. Ì bá sàn kí n má wò ó.

Lábẹ́ nọ́ńbà 23, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, ìkọ̀wé tó dagun wà: *Irọ́! Ẹ ò wo bọ́ọ̀lù náà!* Tàdáwà 23 gba orí *Irọ́* kọjá. Bí òwú.

Nítorí náà, Láyí ti ka ìwé yẹn. Orí òkè ló ti kà á, lówùúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, nígbà tí Tìrìmísíyù gbé e wá. Ọjọ́bọ̀ yẹn náà ló kú. Lẹ́yìn tó kọ *Irọ́* ni Ẹni Mi kọ 23 lé e lórí. Ẹni Mi ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kà á: ohun tó kéré jù nínú nǹkan ló ń sọ ìgbà tí nǹkan náà ṣẹlẹ̀.

Ó wà níbẹ̀.

Ojoojúmọ́ ni mo ń rí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ bó ṣe ń gbé oúnjẹ mì. Ojoojúmọ́ ni mo ń gbọ́ "Mi ò sí níbẹ̀, mà." Mi ò bẹ̀rù rẹ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé mo ṣì fẹ́ràn bó ṣe ń gbé e mì.

Ọjọ́rú, 2 Júláì

Mo gbé òkúta 23 fún un. Mo sọ pé mo ti mọ̀ ọ́n, mi ò gbé ìwé náà jáde. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní ìkọ̀wé mi ló dára jù, kí n wá kọ lébẹ́ẹ̀lì méjèèjì tí wọ́n máa lẹ̀ mọ́ páálí. Ó ń pè é, mò ń kọ ọ́. Orúkọ òkè. Apá ibi tó kọjú sí. Ẹni tó kó o. Ti 17 tán. Ó kan 23.

Ó ní, "Ọjọ́ tí wọ́n kó o: Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, Ọ̀kítóbà."

Ọwọ́ mi dúró. Mi ò tíì já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀ rí. Mi ò já a gbà. Mo kàn kọ ọ́: Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlógún. Mo tì í sí iwájú rẹ̀. Mo sì na ìwé ìròyìn náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

 Ìyá Azeezah ń bá oníbàárà kan ṣẹ̀fẹ̀ nísàlẹ̀, mò ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ó wá sọ ọ́. Ó tẹ Màmá Láyí láago lóòótọ́ pé òun ń bọ̀ ní Ìṣẹ́gun. Ibà náà lọ, ó dúró. Lówùúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ wọ́n jẹun, wọ́n gé òkúta 23, Láyí ní kó jẹ́ kí òun ka ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù tán kó tó fi ìwé náà dì í. Wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí Láyí rántí pé òun gbàgbé òòlù sí òdìkejì odò. Omi ò tó orúnkún. Ó kọjá. Òjò ti rọ̀ lókè, wọn ò mọ̀. Nígbà tí Láyí ń padà bọ̀, omi dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ó di òkúta kan mú láàárín odò. Ó pè é. "Dayọ̀!"

Ó ní, "Mò ń bọ̀!"

Ó ki ẹsẹ̀ bọ omi. Ó gbọ́ bí àwọn òkúta ṣe ń yí lábẹ́ omi, tí wọ́n ń kan ara wọn. Kó-kó-kó. Ó fa ẹsẹ̀ yọ. Láyí ṣì ń pè é, ó ṣì ń dáhùn. Mò ń bọ̀. Mò ń bọ̀. Orí ilẹ̀ gbígbẹ ló wà. Nígbà tó yá, òun nìkan ló ń sọ̀rọ̀.

Mo ní, "Tẹ́ ẹ bá wọnú omi ńkọ́?"

Ó ní, "Mi ò mọ̀. Ohun tí mi ò lè mọ̀ láéláé nìyẹn. Àwa méjèèjì ì bá ti kú. Tàbí kí n fà á yọ. Kò jìn ju ibí yìí sí ẹnu ọ̀nà."

Mo wo ẹnu ọ̀nà.

Kò ya lébẹ́ẹ̀lì náà.

Ẹtì, 4 Júláì

Páálí ti lọ. Ọjọ́bọ̀ ló wà lára rẹ̀.

Àìkú, 6 Júláì

Ìpọ̀nrí. Kò sí ṣinṣin lónìí, wọn ò retí wa. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà rẹ̀ lélẹ̀, ó sọ ọ́ sórí táìlì: "Màmá, mo wà níbẹ̀."

Mo rò pé wọ́n á ké. Wọ́n rọra jókòó. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ni: "Ṣé ó jẹun?"

Ó ní, "Ó jẹun, mà. Búrẹ́dì àti ẹ̀wà. Ó bù ú sí méjì, ó fún mi ní èyí tó tóbi."

"Bẹ́ẹ̀ ló máa ń ṣe." Wọ́n ń mi orí. Wọ́n mi í fún ìgbà pípẹ́. "Bẹ́ẹ̀ ló máa ń ṣe. Ó pè ẹ́?"

"Ó pè mí. Mo ní mò ń bọ̀."

"O ò lọ."

"Mi ò lọ, mà."

Wọ́n wo fèrèsé. Ohùn tíṣà wọn ti lọ. Wọ́n ní, "Ó ti ń retí ẹ láti Ọ̀kítóbà nìyẹn."

Wọ́n wá dìde, wọ́n ṣílẹ̀kùn fún wa. "Ẹ má wá ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀. Mi ò mọ ti èyí tó tẹ̀lé e." Nígbà tí mo kọjá lára wọn, wọ́n di ọwọ́ mi mú. Ojú mi wọ inú ojú wọn, mi ò gbé e kúrò. Wọ́n ní, "Ìyàwó. O rí abẹ́rẹ́ náà."

Ọjọ́ Ajé, 7 Júláì

Kò lọ síbi iṣẹ́. Ó to àwọn òkúta tó kù sábẹ́ fèrèsé. Kò fi àkísà sáàárín wọn.

Ọjọ́rú, 9 Júláì

Òjò láti àárọ̀. Mò ń se ẹ̀wà ní kíṣìnì, Ẹni Mi wà ní pálọ̀. Nígbà tó ta sórí páànù, mo gbọ́ tí àga rẹ̀ dún. Mo mọ̀ pé ó ti gbórí sókè. Mo mọ̀ pé ẹnu rẹ̀ ti là.

Kò sẹ́ni tó pè é. Oṣù mẹ́sàn-án ló ti ń dá ẹni tí kò sí lóhùn. Mo dúró pẹ̀lú orógùn lọ́wọ́. Mo wúkọ́, kò dún dáadáa. Mo bá pè é.

"Dayọ̀!"

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Mi ò mọ ibi tí ohùn náà ti wá, ó ga ju tèmi lọ.

Pálọ̀ pa lọ́lọ́. Òjò nìkan. Mo rò pé mo ti ṣe é léṣe. Mo rò pé mo ti fọ nǹkan tí kò yẹ kí n fọ̀, lẹ́ẹ̀kejì.

Lẹ́yìn náà: "Mò ń bọ̀."

Mo ka ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí táìlì. Ọ̀kan. Méjì. Ó dúró. Ó pẹ́ níbẹ̀, ó pẹ́ gan-an. Mi ò tún pè é. Ẹ̀kẹta. Ẹ̀kẹrin.

Ó dé.